Àpótí Aṣọ Onílẹ̀kùn Méjì

Ọmọ ọmọ mi, Nàfísà, gbé pọ́tábù rẹ̀, fóònù ọwọ́ rẹ̀, síwájú mi lánàá, ó ní kí n bá òun wo àwòrán. Bí a bá ti wa iṣu ọdún yìí tán, yóò lọ sílé ọkọ, òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ń yan àmúwà tí wọn yóò gbé sínú yàrá. Ẹnu àwọn Faransé la ti gba orúkọ yẹn. Àpótí aṣọ ni, tó ga ju ènìyàn lọ, tó ní ilẹ̀kùn. Ó fi ìka ta àwòrán kan, òmíràn jáde. Ọ̀kan funfun bí ẹyin, ọ̀kan ní dígí láti òkè dé ilẹ̀, ọ̀kan sì wà tí wọn kì í fa ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá àgbà, èwo lẹ rí pé ó dára jù?"

Mo ní gbogbo wọn ló dára. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì í rẹ́rìn-ín, ẹ ní mi ò wò ó dáadáa. Mo wò ó. Ohun tí mo ń rò ni mi ò tíì sọ. Lónìí tí òjò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sóko, n ó sọ ọ́. Ẹni tí oorun bá ń kùn kí ó lọ sùn, kò ní bí mi nínú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Manigri níbí, kò sí ẹni tó ń ronú ibi tí yóò kó aṣọ sí, nítorí aṣọ fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Amọ̀ ni ògiri yàrá, koríko ni òrùlé. Okùn kan ni baálé ń ta láti ògiri dé ògiri, gbogbo aṣọ ilé a sì wà lórí rẹ̀: ti bàbá, ti ìyá, ti àwa ọmọ, ti àlejò tó bá sùn mọ́jú. Bí o bá ti wọlé, o ti rí ohun tí onílé ní. Wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Àwa ti kí aṣọ náà lórí okùn kí ẹni tó ni ín tó gbé e wọ̀. Bí àbúrò bàbá rẹ bá ń lọ síbi òkú ní Bassila, tí agbádá tirẹ̀ sì ti ya, á wọlé, á fa ti bàbá rẹ lórí okùn, á máa lọ. Bó bá dé, á dá a padà síbẹ̀ pẹ̀lú eruku ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kì í pè é ní olè. Okùn kò ní ilẹ̀kùn.

Èéfín a máa bá aṣọ gbé níbẹ̀. Aṣọ tó bá pẹ́ lórí okùn a máa rùn bí ẹja gbígbẹ. Ṣùgbọ́n èéfín yẹn náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́, nítorí náà a kì í ráhùn. Ewúrẹ́ la máa ń ṣọ́. Ewúrẹ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ewé iṣu àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Agbọ́n náà wà. Ní ọdún Iléyá kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fa agbádá rẹ̀ lórí okùn, ó wọ̀ ọ́, ó bá àwọn ọkùnrin yòókù lọ sí pápá ìkírun. Kò mọ̀ pé agbọ́n ti kọ́lé sínú apá agbádá náà. Ó forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, agbọ́n jí. Ọkùnrin yẹn kò kúrò lórí ìlà. Ó kírun parí, ó jókòó gbọ́ wáàsí, ó rìn dé ilé kí ó tó bọ́ agbádá. Apá rẹ̀ ti wú bí iṣu. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò pariwo. Ó ní, "Ọlọ́run ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Agbọ́n lè dúró." Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ nílùú.

Ìró kan tún wà tí ẹ̀yin ò gbọ́ rí, ìró aṣọ lílù. Bí àwọn obìnrin bá ti re aṣọ láró, tó gbẹ tán, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, ọkùnrin méjì á jókòó dojú kọ ara wọn, wọ́n á máa fi òòlù igi lù ú, gbì-gbì, gbì-gbì, títí á fi máa dán bí ìyẹ́ ẹyẹ. Bí o bá gbọ́ ọ láàárọ̀, o mọ̀ pé ìyàwó kan ń bọ̀ lọ́nà. Nísinsìnyí, inú ọ̀rá ni aṣọ ti ń wá láti ọjà Bassila, ó ti dán kí ó tó dé ilé.

Aṣọ gidi, èyí tí obìnrin gbé láti ilé ìyá rẹ̀ wá, kì í gbé orí okùn. Inú igbá ńlá olómorí ló ń wà, ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ọkọ kì í ṣí igbá ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe òfin yẹn. Bí a ṣe dàgbà la bá a.

Doguè ni mo ti fẹ́ Ràmátù, ìyá àgbà yín. Ìyá rẹ̀ ló hun kíjìpá tó gbé wá sílé mi, aṣọ òwú tó nípọn, aró dúdú, ìlà funfun méjì létí. Ìyá náà ló gbin òwú yẹn, òun ló ran án, òun ló hun ún. Ó tó ọdún méjì kí ó tó parí. Ràmátù kì í wọ̀ ọ́ lọ síbi kankan. Bí ọyẹ́ bá ti dé, á mú un jáde nínú igbá, á sá a sórí okùn fún ọjọ́ kan, á tún ká a padà.

Ọjọ́ tó sá a lọ́dún kan ni ìyá mi kú. Ràmátù ti lọ pọn omi. Láyé ìgbà yẹn, aṣọ rere ni a fi ń wé òkú àgbà, àwọn àgbà ilé sì ní kí n mú aṣọ wá. Mo wo okùn. Mo fa kíjìpá náà, mo kó o lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Ràmátù fi máa dé, wọ́n ti wé òkú tán. Ó sọ omi kalẹ̀, ó wo òkú náà, ó bá àwọn obìnrin yòókù jókòó, ó ń sunkún. Mo rò pé nítorí ìyá mi ló ṣe ń sunkún. Kò sọ nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ náà, kò sọ ọ́ lóṣù yẹn, èmi náà ò sì béèrè.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Kajú tí mo gbìn ti ń so dáadáa. Mo kọ́ ilé tó ní ògiri símẹ́ǹtì àti òrùlé páànù, ìyẹn ilé tí a jókòó sí yìí. Ó ku àmúwà. Mo ti rí ọ̀kan nílé olùkọ́ kan ní Bassila, ojú mi kò sì kúrò lára rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó bá Ràmátù lójijì. Ọkùnrin a máa fẹ́ràn kí nǹkan bá ìyàwó òun lójijì. Kì í rò ó pé nǹkan lè bá òun pàápàá lójijì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà ní Bassila tí wọ́n ń pè ní Ísífù. Ẹ̀yà Anii ni, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì gbọ́ èdè wa dáadáa. Mo bá a níbi tó ti ń fá pákó igi apá. Mo ní mo fẹ́ àmúwà.

Ó ní, "Kí ni yóò wà nínú rẹ̀?"

"Aṣọ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Aṣọ wo? Èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ni, àbí èyí tí wọ́n ń ká? Agbádá ń fẹ́ ibi tí yóò rọ̀ sí. Ìró ń fẹ́ pẹpẹ."

"Ẹ ṣe méjèèjì."

"Aṣọ ìyàwó rẹ tó mélòó? Bó bá nawọ́ sókè, ibo ni ọwọ́ rẹ̀ ń dé? Ilẹ̀kùn yàrá yín, ọ̀tún ló ń ṣí sí àbí òsì? Ògiri wo ni òjò ń nà?"

Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ni, mi ò sì lè sọ ògiri tí òjò ń nà.

Ísífù tún gbé ohun ìfági rẹ̀. Ó ní, "Igi apá kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣòfò. Lọ wò ó wá. Tàbí kí o mú ìyàwó rẹ wá."

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ọkùnrin ìgbà náà gbà pé òun mọ ọ̀nà inú ilé òun. Mímú ìyàwó lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn ẹgbẹ́ mi á fi mí ṣẹ̀rín títí dé ìgbà ìkórè. Mo pinnu pé n ó wò ó fúnra mi. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Ràmátù lọ sóko, mo fi okùn wọn ògiri. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo pa á dé, mo rí ibi tó ń ṣí sí. Ó wá ku aṣọ rẹ̀, kí n mọ iye pẹpẹ tí yóò gbà. Mo lóṣòó sídìí igbá náà. Lẹ́yìn náà mo ṣí i.

Aṣọ méjì péré ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Èmi náà mọ ìtumọ̀ rẹ̀, gbogbo ará Manigri ló mọ̀ ọ́n nígbà náà. Obìnrin tó bá fẹ́ fi ilé ọkọ sílẹ̀ kì í kó ẹrù lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń lọ kí ìyá rẹ̀, á mú aṣọ kan dání. Bó bá ń lọ síbi ìkómọ, á mú òmíràn. Ọjọ́ tó bá máa lọ pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo, kò sì sí ẹni tí yóò dá a dúró lójú ọ̀nà. Láàrin ọdún mẹ́ta yẹn, Ràmátù ti lọ sí Doguè níye ìgbà tí mi ò lè kà. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sìn ín dé ẹ̀bá títì, èmi ni mo sì máa ń bá a gbé ìdì aṣọ náà.

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Inú bí mi, lẹ́yìn náà ojú tì mí. Nígbà tó dé láti oko lọ́sàn-án, ó ru igi ìdáná, ọmọ wa kejì, àbúrò Àlímì, wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Àlímì, mo ṣí igbá rẹ."

Ó sọ igi kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti rí i nìyẹn."

"Ìgbà wo lo fẹ́ lọ?"

"Bí ọmọ yìí bá ti já lẹ́nu ọmú."

"Kí ni mo ṣe?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wò bóyá mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Àlímì, ká ní ẹ bi mí lọ́jọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni ǹ bá mú kíjìpá yẹn fún yín. Ìyá yín ṣe mí dáadáa. Ẹ ò bi mí. Odò ò jìnnà, ẹnikẹ́ni ì bá ti wá pè mí."

"Òkú wà nílẹ̀."

"Òkú kì í sáré," ó wí. "Lẹ́yìn tí a sin wọ́n tán ńkọ́? Ọdún mẹ́ta. Ẹ ò tilẹ̀ dárúkọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan."

Ó wọlé lọ dáná.

Mo lọ sí Doguè, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo rò pé bí mo bá bẹ ìyá, ìyá á bá mi bẹ ọmọ. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, òfì rẹ̀ sì ti wà ní ìfẹ̀gbẹ́tì lára ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi títí.

Ó ní, "Ṣé ó bo ìyá rẹ dáadáa?"

"Ó bò wọ́n, Ìyá. Ó bò wọ́n dé ẹsẹ̀."

"Ó dára. Kò ṣòfò, nígbà náà." Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. "Aṣọ ọmọ mi wà nínú ilé. Èmi kọ́ ni mo ní kó máa kó wọn wá, èmi kọ́ ni n ó sì ní kó kó wọn lọ. Lọ bá ẹni tó ni aṣọ."

Mo padà. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún Ràmátù pé gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Bassila ń bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn, kí ó wá bá mi dáhùn.

Ó ní, "Lórí kí ni?"

"Àmúwà tí mo fẹ́ kí ó ṣe fún yàrá wa."

"Èmi tí mo ń lọ?"

"Bí o bá lọ, àwọn ọmọ rẹ á lò ó. Ṣùgbọ́n wá dáhùn."

Lọ́jọ́ ọjà, ó pọn ọmọ, ó sì gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi. A gba títì lọ sí Bassila. Àwọn tó rí wa rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìyàwó mi ni yóò lọ kan ìṣó. Ẹ̀rín náà kò pa mí.

Ísífù tún béèrè àwọn ìbéèrè rẹ̀. Ràmátù dáhùn wọn bí ẹni tó ti ń dúró dè wọ́n. Ó ní ògiri ìhà ìlà-oòrùn ni òjò ń nà, ó máa ń rin ní gbogbo ìgbà òjò, kí wọ́n má gbé e tì í. Ògiri àárín ni. Ó ní kí ó ní ẹsẹ̀ tó ga tó ọwọ́ méjì, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo eérú, nítorí ikán. Ó nawọ́ sókè, ó ní kí pẹpẹ òkè má kọjá ibẹ̀, òun ò ní máa gun àpótí wo aṣọ òun. Ní apá tèmi, ọ̀pá tí agbádá yóò rọ̀ sí. Ní apá tirẹ̀, pẹpẹ mẹ́rin, kò fẹ́ ọ̀pá. Ísífù ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sára pákó. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ilé mi ni wọ́n ń sọ, ó sì dà bí ilé tí mi ò tíì wọ̀ rí.

Nàfísà, o rí i pé mi ò tíì sọ̀rọ̀ àwọ̀. Wọn ògiri ná. Mọ ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí àti ibi tí omi ń gbà wọlé. Bí èyí tó ní dígí bá tún wù ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, rà á. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn mìíràn nínú ìwọ̀nyí, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni, òjò ẹ̀ẹ̀kan á sì mú wọn wú.

Ó ku ohun kan. Ràmátù ní, "Ilẹ̀kùn méjì ni kí ẹ ṣe. Kí kọ́kọ́rọ́ tèmi jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo."

Ísífù gbójú wò mí. Nígbà yẹn, kò sí obìnrin tó ní ohun kan nínú yàrá tí ọkọ rẹ̀ kò lè ṣí. Igbá pàápàá, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí a ṣí i. Kì í ṣe pé a ò lè ṣí i.

Mo ní, "Bó ṣe wí ni kí ẹ ṣe é, ẹ̀gbọ́n."

Kàmíyọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, ló gbé e wá. Ísífù ti tú u sí wẹ́wẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ohun tó ga tó báyìí kì í gba ẹnu ọ̀nà, inú yàrá ló ti tò ó pọ̀. Àwọn ará ìlú wá wò ó. Wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n ṣí ìhà tèmi, wọ́n tì í. Aṣọ tèmi wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ìhà ti Ràmátù ṣófo. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í bẹ́ẹ̀ lófìfo, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀.

Mo tú okùn kúrò lára ògiri. Mo fi so ewúrẹ́.

Ọmọ já lẹ́nu ọmú nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò béèrè nǹkan kan. A kọ ebè, a gbin iṣu, a fi igi tì í. Ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ó ń dá mi lóhùn bí mo bá pè é. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ìròyìn dé pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bímọ ní Doguè. Ó ní òun fẹ́ lọ síbi ìkómọ, ọjọ́ mẹ́ta ni òun yóò lò. Mo sìn ín dé ẹ̀bá títì bí mo ti máa ń ṣe. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kò mú aṣọ kan dání. Àwa méjèèjì la rí i.

Mo ní, "Kí wọn fún mi."

Ó ní, "Wọn á gbọ́."

Ọjọ́ kẹta pé, kò dé. Ọjọ́ kẹrin, mo lọ sóko, mi ò mọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Àlímì béèrè ìyá rẹ̀, mo ní ó ń bọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo jókòó síwájú ilé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo ń bó iṣu, mo sì rí i tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kajú bọ̀. Ìdì wà lórí rẹ̀, ó tóbi tó fi jẹ́ pé ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Bàbá Àlímì," ó ní, "ẹ bá mi sọ ọmọ kalẹ̀."

Mo gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wọlé. Mo dúró síta pẹ̀lú ọmọ náà, mi ò tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jáde, ó béèrè bóyá a ti jẹun.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló kó padà. Lọ́jọ́ mìíràn tó ṣí ilẹ̀kùn níṣojú mi, mo rí i pé pẹpẹ méjì ló kún, méjì ṣófo. Ìdajì yòókù kù sí Doguè, ó wà níbẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi kú, ó ṣì wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin di òní. Mi ò béèrè rẹ̀ rí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ti bí ọmọ mẹ́rin sí i lẹ́yìn ìyẹn, bàbá ẹlòmíràn nínú yín wà nínú wọn.

Àmúwà náà wà nínú yàrá yẹn. Ikán kò dé ibẹ̀. Ilẹ̀kùn tèmi kì í dún, ṣùgbọ́n ìdè ilẹ̀kùn tirẹ̀ ti gbó, ó máa ń han bí ọmọ adìyẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àlímì ti gbé epo wá láti ta sí i. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Láàárọ̀ tí ìyá àgbà yín bá ṣí i, kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́.